Àpótí àwo orin Amẹ́ríkà tí bàbá mi fi sílẹ̀ l'Ájàṣẹ́ (Porto-Novo), ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ọmọ Oganla (Àjàṣẹ́):

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Bàbá mi ló filẹ̀ bora nígbà ọyẹ́ tó kọjá yìí, ẹni ọgọ́rin ọdún, télọ̀ ni wọ́n. A ti sin wọ́n, a ti ṣe gbogbo ohun tó yẹ, ó wá ku ẹrù wọn tí a máa kó. Abẹ́ ibùsùn ni mo ti fa àpótí onípákó kan jáde tó ń rùn kánfọ̀, mo rò pé aṣọ àwọn oníbàárà ló wà níbẹ̀, àṣé àwo orin ni, àwọn kékeré yẹn tó ní ihò ńlá láàárín, mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo kà. James Brown pọ̀ níbẹ̀ jù, Otis Redding wà, Chubby Checker, Fats Domino, Nat King Cole, El Rego tiwa náà há sáàárín wọn. Bàbá mi fi bíìkì kọ orúkọ ara wọn sórí páálí kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì kọ ọdún tí wọ́n rà á sí i, 1963, 1965, 1971, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀rọ tó ń lù wọ́n ni mi ò bá nílé. Ìyá mi ní ẹnì kan ló yá a lọ ṣe àríyá, bó ṣe lọ kọ́ ló ṣe padà, àti pé wọn ò tíì bí mi nígbà yẹn, 1987 ni wọ́n bí mi. Torí náà orin kan ṣoṣo tí mo mọ̀ nínú gbogbo àpótí yìí ni èyí tí bàbá mi fi ń ran aṣọ. Wọ́n ní ti Nat King Cole ni. Wọn ò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì o, ohùn lásán ni wọ́n há sórí, tí wọ́n bá wá dé ibì kan nínú orin yẹn wọ́n á pe ọ̀rọ̀ kan náà lẹ́ẹ̀mẹta, wọ́n á fi ìka kan tábìlì ẹ̀rọ ìránṣọ kó, kí wọ́n tó máa bá a lọ. Bó ṣe rí nìyẹn láti kékeré mi. Àwa ọmọ máa ń sín wọn jẹ nídìí ọbẹ̀, a máa pe "ẹja, ẹja, ẹja," a fi ìka kan àwo, ìyá mi á ní ká má ya ẹnu sí bàbá wa.

Ohun tí mo fẹ́ bi yín, báwo ni wọ́n ṣe ń tọ́jú nǹkan wọ̀nyí, ta ló sì ṣì ní ẹ̀rọ tó lè lù wọ́n níbí? Èkejì, ẹ dákun ẹ má fi mí ṣẹlẹ́yà, láti ìgbà ìsìnkú ni mo ti ń wo nǹkan Amẹ́ríkà àtijọ́ lórí YouTube lálaalẹ́, àwọn eré télé bíi Bonanza àti I Love Lucy, àwọn mọ́tò yẹn tí ìdí wọn gùn bí ìrù ẹja, àwọn ọmọge tó wọ síkẹ́ẹ̀tì gbàgẹ̀rẹ̀ nínú ilé tí firíìjì rẹ̀ tóbi ju yàrá mi lọ, mo ń wò títí mégà íńtánẹ́ẹ̀tì mi á fi tán. Ọkọ mi ní ṣé ìlú tí mi ò dé rí ni mo fẹ́ padà sí. Kí ló ń ṣe mí gan-an?

Àgbà Ìdénà (Kétu):

Ọmọ mi, o kú ará fẹ́ra kù. Ọlọ́run á tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere. Nǹkan kan ò ṣe ọ́. Èmi náà tí mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà, tí ìròyìn bá ti sú mi, kọ́bọ́ì ni mo máa ń lọ wò.

Jẹ́ kí n sọ bí a ṣe ń wò ó níbí nígbà tí Dàhòmì ṣì ń jẹ́ Dàhòmì, lẹ́yìn òmìnira 1960 ni o. Ọkùnrin kan ló máa ń gbé sinimá wá sí Kétu nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, torí bí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀ mọ́tò rẹ̀ ò lè kọjá. Ó máa ta aṣọ funfun láàárín igi méjì, ó máa tan jẹnẹrétọ̀, ariwo jẹnẹrétọ̀ yẹn nìkan tó ìkéde. Ẹni tó bá sanwó máa jókòó níwájú aṣọ. Àwa tí a ò lówó, ẹ̀yìn aṣọ ni tiwa, ọ̀fẹ́ ni, kò sẹ́ni tó lè lé wa torí ọ̀sán ni a ti lọ jókòó sínú koríko. Àwòrán máa ń hàn lọ́dọ̀ tiwa náà, ṣùgbọ́n òdì ló ń hàn. Gbogbo kọ́bọ́ì pátá ló ń fi ọwọ́ òsì yìnbọn lójú wa! Wọ́n ń fi òsì gba owó, wọ́n ń fi òsì bọ ara wọn lọ́wọ́, wọ́n ń fi òsì jẹun. A gbà tọkàntọkàn pé àwọn ará Amẹ́ríkà ò ní ẹ̀kọ́ ilé rárá. Ọjọ́ tí ẹ̀gbọ́n mi sanwó fún mi tí mo kọ́kọ́ jókòó síwájú, inú bí mi, mo rò pé wọ́n pààrọ̀ sinimá náà fún wa ni.

Èdè ńkọ́? Faransé ni gbogbo wọn ń sọ, torí Páríìsì ni wọ́n ti ń fi ohùn Faransé sí i kó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Mo ti lé lógún ọdún kí n tó mọ̀ pé Gẹ̀ẹ́sì ni John Wayne, òṣèré kọ́bọ́ì yẹn, ń sọ, ṣé ẹ rí i, mo rò pé ọmọ Faransé ni. Àwọn ìyá wa ò sì gbọ́ Faransé, torí náà ẹnì kan máa ń dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ aṣọ tó ń túmọ̀. Ọmọ Pobè ni tiwa, ó ti ṣiṣẹ́ nídìí ọkọ̀ ojú irin tó ń ti Àjàṣẹ́ wá sí Pobè. Irọ́ rẹ̀ pọ̀! Ọjọ́ tí wọ́n gbé High Noon wá, èyí tí Gary Cooper ṣe ní 1952 tó fi gba ẹ̀bùn Oscar, àwọn Faransé sọ orúkọ tiwọn sí i pé ọkọ̀ ojú irin máa fọn fèrè lẹ́ẹ̀mẹta. Kétu ò ní ojú irin. Òun tó mọ ọkọ̀ ojú irin bá gba ọ̀rọ̀ yẹn mọ́ sinimá lọ́wọ́, ó ń sọ bí iná ṣe ń jó nínú rẹ̀, bí èéfín ṣe ń yọ, ó ń fọn fèrè lẹ́nu. Ìdí tí àwọn ọ̀tá fi ń bọ̀ wá pa Gary Cooper, ó ní ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ni, pé bàbá ọ̀tá ló ta ilẹ̀ náà fún bàbá Cooper ní Ìmẹ̀kọ, tí kò sì sí ìwé. Gbogbo ìlú gbà á. Àwọn àgbà ń mi orí, wọ́n ní bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ṣe ń rí. Nígbà tí Cooper wọ ojúlé kọ̀ọ̀kan tó ń wá ẹni tó máa tì í lẹ́yìn, tí kò sí ẹni tó dá a lóhùn, ìyá kan dìde láàárín èrò, ó ní kí wọ́n jẹ́ kí òun lọ pe ọmọ òun wá.

Mo ti wò ó lórí kọ̀ǹpútà báyìí, ní Gẹ̀ẹ́sì. Fíìmù tó dáa ni. Ti ọmọ Pobè dáa jù ú lọ.

Ọmọ Ilé-Iṣẹ́ Ṣúgà (Ṣábẹ):

Bàbá, ẹ ti pa mí lẹ́rìn-ín 😂 àwa ní Ṣábẹ ojú irin wà ní tiwa o, ẹ̀yin Kétu lẹ fẹ́ irọ́.

Tiwa ni Django. Bàbá àgbà mi ní gbogbo ọmọkùnrin àdúgbò ló sọ ara rẹ̀ ní Django nígbà náà, kọ́bọ́ì Amẹ́ríkà tó le jù.

Alátùn-únṣe (Ouando, Àjàṣẹ́):

Django kì í ṣe ti Amẹ́ríkà o àbúrò. Àwọn ará Ítálì ló ṣe é ní 1966, Franco Nero ló ṣe Django. Ọ̀pọ̀ irú àwọn kọ́bọ́ì ìgbà yẹn, aṣálẹ̀ Sípéènì ni wọ́n ti yà á.

Ẹ̀gbọ́n Oganla, ẹ kú ọ̀fọ̀. Rádíò àti télé ni mò ń tún ṣe nítòsí ọjà, àmọ́ mo ní ẹ̀rọ àwo méjì, ọ̀kan ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Ẹ fetí sílẹ̀, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé kí ẹ fi sódábì, ògógóró wa yẹn, nu àwo o! Mo ti rí ẹni tó ṣe bẹ́ẹ̀. Tó bá jẹ́ àwọn àwo dúdú ńlá àtijọ́ tó ń sáré yẹn, àwọn 78 (iye ìgbà tí àwo ń yí po níṣẹ́jú kan nìyẹn), tó máa ń fọ́ bí àwo oúnjẹ, oje kòkòrò ni wọ́n fi ṣe púpọ̀ nínú wọn, ọtí líle máa ń yọ́ ọ ni, orin á lọ. Tiyín tó kéré yìí, 45 ni, ike ni, òun ò ní yọ́ bẹ́ẹ̀, àmọ́ kí lẹ fẹ́ fi sódábì ṣe nígbà tí omi wà. Omi tútù tó mọ́, ọṣẹ olómi ẹ̀kán kan péré, aṣọ tó rọ̀ bíi ti ọmọ ìkókó, kí ẹ máa nù ún yípo bí ilà rẹ̀ ṣe lọ, ẹ má nù ún dábùú. Omi ò gbọ́dọ̀ kan pépà àárín. Kí ẹ wá fi wọ́n sórí ìnaró, ẹ má tò wọ́n léra bí àkàrà, wọ́n á tẹ̀. Ẹ má sì gbé wọn sí yàrá tí páànù rẹ̀ ò ní àjà, oòrùn wa yìí á jẹ́ kí wọ́n ká bí ewé ẹ̀kọ.

Ẹ wo ẹ̀yìn páálí. Tí ẹ bá rí i pé orin mẹ́rin ló wà lórí àwo kan, méjì níwájú méjì lẹ́yìn, Faransé ni wọ́n ti tẹ̀ ẹ́, bí wọ́n ṣe fẹ́ràn àtimáa tà á nìyẹn láyé ìgbà yẹn, pẹ̀lú páálí tó le tó ní fọ́tò. Ti Amẹ́ríkà gan-an, orin méjì ló máa ń wà lórí rẹ̀, pépà lásán ni wọ́n sì sábà máa ń fi wé e. Ihò ńlá yẹn ń béèrè ike kékeré kan láàárín kó tó lè jókòó sórí ẹ̀rọ wa, mo ní in, ọ̀fẹ́ ni. Ilé iṣẹ́ àwo orin RCA Victor ló mú 45 yìí jáde ní 1949 torí pé Columbia, ilé iṣẹ́ àwo bíi tiwọn, ti mú àwo ńlá 33 jáde lọ́dún tó ṣáájú, ìjà ọlọ́jà ni, kálukú ń fẹ́ kí tòun borí, kò sì sẹ́ni tó borí. Àwo ńlá gba ilé àwọn àgbà, 45 gba ọwọ́ ọmọdé torí pé kò wọ́n, ó sì gba inú àwọn ẹ̀rọ tí wọ́n ń ju owó ẹyọ sí ní ilé ọtí, Seeburg tó ń ṣe irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ti ṣe èyí tó ń lù ú nígbà tó máa fi di 1950.

Ẹ dárúkọ I Love Lucy. Ṣé ẹ mọ ìdí tí àwòrán rẹ̀ fi mọ́ tó bẹ́ẹ̀ títí dòní? Ọ̀pọ̀ eré télé Amẹ́ríkà lásìkò yẹn, tààrà ni wọ́n ń ṣe é, tó bá ti kọjá ó kọjá nìyẹn. Lucille Ball àti ọkọ rẹ̀ Desi Arnaz, ọmọ Kúbà, fíìmù gidi ni wọ́n yà á sí láti 1951, kámẹ́rà mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà, níwájú èrò tó ń rẹ́rìn-ín. Torí náà wọ́n lè tún un fi hàn títí láé. Ọlọ́gbọ́n ni Desi.

Ọmọ Ilé-Iṣẹ́ Ṣúgà (Ṣábẹ):

Ẹ ṣé fún Django, ẹ ti ba bàbá àgbà mi lọ́kàn jẹ́.

Àmọ́ ẹ jẹ́ kí n sọ nǹkan kan kí ẹ má bínú. Mo máa ń ka ohun tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń kọ sábẹ́ àwọn fídíò yìí, "ayé ìgbà yẹn ló dáa, àwọn èèyàn mọ̀wà hù, a kì í ti ilẹ̀kùn." Ta ni kì í ti ilẹ̀kùn? Ẹ gbé Nat King Cole yẹn yẹ̀ wò, ẹni tí bàbá ẹ̀gbọ́n wa ń kọ orin rẹ̀. Ọmọ Alabama ni, Montgomery ni wọ́n ti bí i. Ní April 1956 ó padà lọ kọrin ní Birmingham, Alabama kan náà, níwájú àwọn èèyàn funfun nìkan torí pé òfin ò gbà kí wọ́n jókòó pọ̀, àwọn ọkùnrin funfun kan fò gorí pèpéle, wọ́n là á mọ́lẹ̀. November ọdún yẹn ilé iṣẹ́ télé NBC fún un ní eré tiẹ̀. Àwọn gbajúmọ̀ olórin, funfun àti dúdú, wá bá a kọrin lówó táṣẹ́rẹ́ kó lè dúró, ṣùgbọ́n kò sí ilé iṣẹ́ ńlá kankan tó gbà láti gbé owó ìpolówó lé e káàkiri orílẹ̀-èdè, ẹ̀rù ń bà wọ́n pé àwọn oníbàárà wọn ní gúúsù á bínú. Ó parí ní December 1957. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́ pé òkùnkùn ló ń ba Madison Avenue lẹ́rù, ibẹ̀ ni àwọn onípolówó pọ̀ sí ní New York.

Hattie McDaniel ńkọ́, obìnrin dúdú àkọ́kọ́ tó gba Oscar, ní February 1940. Tábìlì ọ̀tọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri ni wọ́n fún un lálẹ́ ọjọ́ yẹn gan-an. Àwọn kọ́bọ́ì tí ẹ̀ ń sọ yìí náà, ta ni wọ́n ń yìnbọn pa? Ẹni tó nilẹ̀. Ìtumọ̀ ọmọ Pobè yẹn ò jìnnà sí òótọ́ tó bí ẹ ṣe rò, ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ni.

Mi ò sọ pé kí ẹ má wò ó o. Èmi náà ń wò ó. Ó kàn ń ṣe mí bákan pé a ń ṣàárò ilé tí wọn ò ní jẹ́ ká wọ̀.

Ìyá Ìbejì (Djassin, Àjàṣẹ́):

Ọmọ Ṣábẹ, òótọ́ lo sọ, mi ò ní bá ọ jiyàn. Ọmọ mi ló ń bá mi tẹ èyí o, ojú mi ò ríran dáadáa mọ́, tí àṣìṣe bá wà òun ni.

Ṣùgbọ́n ta ló sọ fún ọ pé ilé wọn ni à ń ṣàárò? Èmi ò ṣàárò Amẹ́ríkà kankan. Mò ń ṣàárò ẹ̀yìnkùlé ìyá mi. Ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni mí nígbà tí ijó túwíìsì dé Àjàṣẹ́, ọmọ àbúrò bàbá mi ló gbé àwo Chubby Checker ti Kútọnu wá. Ó ní bí wọ́n ṣe ń jó o ni pé kí o ṣe bí ẹni fi tówẹ̀lì nu ẹ̀yìn lẹ́yìn ìwẹ̀, kí o sì máa fi ẹsẹ̀ tẹ sìgá pa. Èmi ò mu sìgá rí, báwo ni mo ṣe fẹ́ mọ bí wọ́n ṣe ń tẹ̀ ẹ́? Mo bá ṣe é bí ẹni tó ń tẹ ìjàlọ pa, ó bọ́ sí i. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi yọjú lójú fèrèsé, ó ní, "Ẹ̀yin ọmọ yìí, ìjàlọ wọ inú ilé ni?" Bàbá mi ń ti mọ́ṣáláṣí bọ̀ lọ́jọ́ náà, mọ́ṣáláṣí ńlá yẹn tí àwọn Àgùdà kọ́ bíi ṣọ́ọ̀ṣì, ó bá wa níbi tí a ti ń tẹ ìjàlọ. Ẹgba tí mo jẹ lọ́jọ́ yẹn, mo ṣì lè fi ìka tọ ojú rẹ̀.

Àwa obìnrin kì í sábà lọ sinimá lálẹ́. Àwọn télọ̀ la fi ń mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Ìwọ Ọmọ Oganla, bàbá rẹ jẹ́ télọ̀, bóyá wọn ò sọ fún ọ. Sinimá lálẹ́ Sátidé, tó bá di àárọ̀ Mọ́ńdè ọmọkùnrin márùn-ún mẹ́fà ti wà níwájú télọ̀, pẹ̀lú aṣọ lọ́wọ́, wọ́n ń fi ọwọ́ júwe, "Bàbá, ṣòkòtò tí ẹsẹ̀ rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, kọ́là tó dúró báyìí." Télọ̀ tí kò bá wo sinimá ò lè jẹun. Nínú òkùnkùn yẹn, tí gbogbo ayé ń wo ìbọn, bọ́tìnnì ni télọ̀ ń kà.

Ní ti ọ̀rọ̀ ìyà àwọn dúdú ibẹ̀, a gbọ́ o, rádíò ń sọ ọ́. Ìdí rẹ̀ tí James Brown fi di tiwa nìyẹn. Elvis dáa, ó rẹwà, a gbà, ṣùgbọ́n James Brown ń ké bí ẹni tí nǹkan ń dùn. Nígbà tó kọ ọ́ ní 1968 pé ká pariwo rẹ̀ pé dúdú ni wá, kò sẹ́ni tó nílò ọmọ Pobè láti túmọ̀ ìyẹn. El Rego tí wọ́n bí níbí l'Ájàṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe orin soul tiẹ̀, irú ti James Brown, ẹgbẹ́ olórin Poly-Rythmo dìde ní Kútọnu ní 1968, wọ́n ń lu ìlù vodun sínú orin fọ́ńkì, ilé iṣẹ́ Albarika Store ń tẹ àwo wọn. Nígbà tó yá a ò mọ ibi tí ti Amẹ́ríkà parí sí mọ́. Wọ́n kó ìlù lọ, wọ́n dá a padà pẹ̀lú gìtá oníná, èèyàn á bínú kọ̀ ọ́ ni?

Ta ni bàbá rẹ, níbo ni ṣọ́ọ̀bù wọn wà? Má kọ ọ́ síbí, wá kí mi.

Ọmọ Oganla (Àjàṣẹ́):

Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀yin àgbà mi. Ìyá Ìbejì, ọ̀rọ̀ bọ́tìnnì yẹn, mo kà á fún ìyá mi, wọ́n ní òótọ́ ni, pé tí bàbá bá ti sinimá dé, wọn kì í lè sọ ìtàn fíìmù náà, àmọ́ wọ́n á sọ pé ọlọ́pàá yẹn wọ wẹ́sítì oníbọ́tìnnì márùn-ún tí èyí tó wà nísàlẹ̀ ò sí ní títì.

Mo gbé àwo mẹ́rin lọ bá Alátùn-únṣe ní Sátidé tó kọjá, èmi àti ìyá mi, lórí zẹ́mì (ọ̀kadà) méjì, mo gbá àwọn àwo mọ́ àyà bí ọmọ. Orin mẹ́rin mẹ́rin ló wà lórí wọn bí ẹ ṣe sọ, ti Faransé ni. A kọ́kọ́ lu James Brown, àwọn tó ń ra nǹkan lọ́jà bẹ̀rẹ̀ sí í dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ẹnì kan tiẹ̀ jó.

A wá lu Nat King Cole. 1965 ni bàbá mi kọ sórí páálí rẹ̀, Alátùn-únṣe ní ọdún tó kú náà nìyẹn, kò ju ẹni ọdún 45 lọ. Orin kejì lẹ́yìn rẹ̀ ni mo dá mọ̀, ohùn yẹn rọ̀ ju ti bàbá mi lọ ṣá. Mo ń tẹ̀lé e lábẹ́nu. Ó dé ibì kan, abẹ́rẹ́ há. Ó pe ọ̀rọ̀ kan, ó tún pè é, ó tún pè é. Ìka mi ti kan tábìlì kí n tó mọ ohun tí mò ń ṣe. Ìyá mi yíjú wò mí. Alátùn-únṣe na ọwọ́, ó fi ìka ti apá ẹ̀rọ náà fẹ́ẹ́rẹ́, orin bá ń lọ.

Àwo ló ní ojú ọgbẹ́. Bí bàbá mi ṣe kọ́ orin náà nìyẹn, pẹ̀lú ọgbẹ́ rẹ̀, pẹ̀lú ìka tí wọ́n fi ń tì í.

Alátùn-únṣe ní òun ní awò tó ń sọ nǹkan di ńlá, òun lè fi abẹ́rẹ́ tún ojú ilà yẹn ṣe kó má há mọ́. Mo ní kó fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Àgbà Ìdénà (Kétu):

Ọmọ mi, ọjọ́ wo lo ń gbé àpótí náà bọ̀ ní Kétu? Mo ti rí jẹnẹrétọ̀. Mo sì ní aṣọ funfun.

Ọmọ Ilé-Iṣẹ́ Ṣúgà (Ṣábẹ):

Bàbá, tí kọ́bọ́ì bá máa wà níbẹ̀ mò ń bọ̀, àmọ́ iwájú aṣọ ni mo máa jókòó sí o, mo máa sanwó.